Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ìtàn Rọ́bà Oúnjẹ Títí Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Ológbò

Nígbà tí àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, àwọn wọ̀bìà ni wọ́n ń bá wí, àwọn tí ojú wọn kì í kúrò nínú àwo ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bá jí lónìí, tí ó bá dókítà ẹranko kan níbi tí ó gbé ń ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ẹnu ọmọ ológbò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó ṣeé ṣe kí ó mi orí, kí ó sì gbà pé òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò kan wọ̀bìà rárá. Ihò méjì ni ó pàdé nísàlẹ̀ ọ̀fun irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń lọ sí àpòlúkù, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ọmọ ológbò tuntun, tí gbogbo ara rẹ̀, àti irun àti egungun, kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ, ihò méjèèjì yìí sún mọ́ ara wọn débi pé ẹni tí ó bá kánjú díẹ̀ yóò ti gba ọ̀nà èémí kí ó tó mọ̀. Bí wàrà bá gba ọ̀nà tirẹ̀, ọmọ yóò yè. Bí ó bá ṣìnà, òtútù àyà ni yóò tẹ̀lé e, ikú sì sábà máa ń tẹ̀lé òtútù àyà.

Ìtàn rọ́bà yìí ti pẹ́ láyé, ológbò ni ó dé sínú rẹ̀ kẹ́yìn. Ológìnní abìrìnjẹ́jẹ́, ọdẹ òru tí kì í gbé ìbọn, ẹran tí ó ń sùn lẹ́bàá ààrò tí ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ni ó ni ilé, kì í ṣe ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń fi owó àti oorun tọ́ ní ìkókó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lé èkúté. Bí ìyá bá kú, àwọn ọmọ a bá a lọ, kò sì sí ẹni tí yóò káwọ́ lérí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí wọ́n ń pariwo ìfẹ́ ẹran ọ̀sìn lóde òní, inú garawa omi ni wọ́n ń da ọmọ ológbò tí ó bá pọ̀ jù sí. Ní oṣù Keje ọdún 1871 ni Harrison Weir kó ológbò jọ sí Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìdíje ẹwà, tí àwọn ọlọ́lá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ológbò yangàn bí wọ́n ti ń fi ẹṣin yangàn. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ajá tí ó sọnù ní ìlú kan náà ní ọdún 1860, èyí tí a mọ̀ sí Battersea, kò gba ológbò wọlé títí di ọdún 1883. Ohun tí ènìyàn bá ti fi owó rà, tí ó sì ti sọ lórúkọ, kì í fẹ́ kí ó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówó ológbò wá ohun tí yóò fi bọ́ ọmọ tí kò lè mu ọmú, ohun èlò tí ó bá nílẹ̀ kì í ṣe ti ológbò rárá: ti ènìyàn ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ kọjá.

Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ mọ̀ pé ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì yóò kú, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù ọ̀fun. Nítorí náà ìdí ni wọ́n gbà, wọ́n ń rọ omi ọbẹ̀, wàrà àti wáìnì síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìlànà yìí kò kúrò nílẹ̀ títí di àná òde yìí: nígbà tí wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1881, tí ikùn rẹ̀ kò gba oúnjẹ mọ́, omi ẹran màlúù àti ọtí líle ni àwọn dókítà rẹ̀ ń rọ sí i nídìí, ó sì kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ó ti rù kan eegun.

Àwọn tí ó gbójúgbóyà gba ọ̀fun wà tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ní ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Capivaccio so àpòòtọ̀ ẹran mọ́ ọ̀pá oníhò kan, ó sì fi ń ti oúnjẹ olómi sọ̀kalẹ̀. Fabricius, ará ìlú kan náà, lo ọ̀pá fàdákà ní ọdún 1617, ó gba ihò imú àwọn tí eyín wọn ti dì pinpin nítorí àrùn ipá. Ẹ rò ó wò ná: fàdákà líle, nínú ọ̀nà tí ó rọ̀ tí ó sì wọ́, lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ibi tí ó ń lọ! Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n wo ọ̀rọ̀ líle àti rírọ̀ yìí dáadáa ni John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1790, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbà ti mú iṣan ọ̀fun rẹ̀, itọ́ pàápàá kò ṣeé gbé mì fún un. Hunter mú awọ ẹja gbọọrọ kan tí ó jọ ejò, ó fi bo egungun àbùùbùtán tẹ́ẹ́rẹ́ tí í tẹ̀ tí kì í ṣẹ́, ó so àpòòtọ̀ mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀, ó sì ń fún aláìsàn náà ní ẹyin tí a lù pọ̀ mọ́ omi, ṣúgà, wàrà tàbí wáìnì. Ọkùnrin náà yè, ọ̀fun rẹ̀ sì tún padà bọ̀ sípò. Hunter tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 1793, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ papò dà. Ó yẹ kí a rántí pé ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1791. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni wọ́n sì kọ́ ọ fún, kò sí ẹni tí ó ronú ológbò níbẹ̀.

Rọ́bà ni ó sọ awọ ẹja di ohun ìgbàgbé. Lẹ́yìn tí Goodyear ti rí ọgbọ́n tí a fi ń se rọ́bà kí ó má baà yọ́ nínú ooru, Nélaton ní Párísì ṣe rọ́bà pupa rírọ̀ tí a fi ń fa ìtọ̀. Charrière, ẹni tí ń rọ ohun èlò fún àwọn dókítà ní ìlú kan náà, ti fi ìwọ̀n sí i kí ó tó dìgbà náà: mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan ní fífẹ̀. Bí dókítà ẹranko bá sọ lónìí pé kí a mú rọ́bà nọ́ńbà márùn-ún wá fún ọmọ ológbò tí kò tíì tó ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù, kí a sì mú nọ́ńbà mẹ́jọ fún èyí tí ó ti dàgbà díẹ̀, òṣùwọ̀n Charrière ni ó ń kà, òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ìtọ̀ àwọn arúgbó Faransé.

Nísinsìnyí ni a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo kà sí baba gidi fún iṣẹ́ yìí, Étienne Tarnier, olórí àwọn agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí Maternité ní Párísì. Àwọn ìkókó tí oṣù wọn kò pé ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé tí ń rẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ọdún 1878, ó lọ wo ọgbà ẹranko, ó rí àpótí olóoru tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ níbẹ̀, ó sì ní kí Odile Martin, ẹni tí ó ṣe é, bá òun kan irú rẹ̀ tí yóò gba ọmọ ènìyàn. Ní ọdún 1880 ni àpótí náà dé ilé ìgbẹ̀bí. Nínú àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì, mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kú tẹ́lẹ̀. Àpótí ooru yìí nìkan fà á wá sí méjìdínlógójì. Lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí ọdún 1884, ni Tarnier tó mú rọ́bà pupa Nélaton, tí ó fi ife gíláàsì kékeré sí i lórí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da wàrà ìyá sínú àpòlúkù àwọn ọmọ tí kò lágbára láti fa ọmú. Olùtọ́jú a gbé ọmọ lé itan, a fi omi rin rọ́bà, a tì í dé ìdí ahọ́n, ọmọ a gbé e mì fúnra rẹ̀. Bí wàrà bá ti wọlé tán, a fa rọ́bà yọ kíákíá, nítorí pé bí a bá fà á jẹ́jẹ́, wàrà yóò tẹ̀lé e bọ̀ wá sókè. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ọmọ tí a bá fún ní àfúnjù a máa wú lára, wọn a sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí bí nǹkan wọ̀nyí ti ṣe tẹ̀lé ara wọn: ooru ni ó kọ́kọ́ dé, oúnjẹ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Maternité, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì dókítà ẹranko, ọ̀pọ̀ jàǹbá tí a óò sì sọ níwájú kò ní orísun mìíràn ju pé a yí i po.

Àwa náà ní tiwa. Ìyá tí ó ń rọ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó tẹ́ ọmọ sórí itan, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àwo sí ètè rẹ̀, tí ó da ẹ̀kọ tàbí àgbo síbẹ̀, tí ó sì ń dí imú ọmọ kí ó baà lè gbé e mì kí ó tó mí, iṣẹ́ kan náà ni òun àti olùtọ́jú Párísì ń ṣe, yàtọ̀ sí pé kò sí rọ́bà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n rọ kò lè gbàgbé ìró inú ọ̀fun náà, gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹkún láàárín. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ tí a sì yè. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọmọdé kò dẹ́kun láti máa kìlọ̀ fún àwọn ìyá nípa rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí imú rẹ̀ dí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó fa èémí gba inú ẹ̀kọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ òwe yìí nígbà tí wọ́n ń ti àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò mọ́lé, tí àwọn náà sì kọ oúnjẹ. Láti ọdún 1909 ni wọ́n ti ń dì wọ́n mú, tí wọ́n sì ń fi tipátipá ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú tàbí lẹ́nu. Ní oṣù Kejì ọdún 1913, ní ẹ̀wọ̀n Holloway, rọ́bà tí wọ́n kì sí Lilian Lenton gba ọ̀nà èémí, oúnjẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àìsàn àyà gbé e dè, wọ́n sì sáré tú u sílẹ̀ kí ó má baà kú sí wọn lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni Lenton, ó lè wúkọ́, ó lè jà, ó lè fi ojú sọ pé ilé ayé ti dojú rú. Síbẹ̀ àwọn tí ó di rọ́bà mú kò mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin kan jáde tí yóò máa tú irú wọn sílẹ̀ bí ara wọn bá ti hẹ, tí yóò sì tún wọ́n mú bí ara wọn bá ti le. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Òfin Ológbò àti Èkúté, ibẹ̀ sì ni ológbò kọ́kọ́ gbà wọ inú ìtàn rọ́bà oúnjẹ, ní ipò ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ológbò gidi ti wà nínú yàrá ìwádìí ní Boston ṣáájú ìyẹn, ó sì ń ṣe ènìyàn lóore. Ní ọdún 1897, Walter Cannon, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Harvard, po èròjà bismuth mọ́ oúnjẹ ológbò, ó sì gbé wọn sí iwájú ẹ́síréè tí Röntgen ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwárí rẹ̀ ní ọdún 1895, kí ó baà lè máa wo bí àpòlúkù ti ń lọ oúnjẹ. Ohun kan rú u lójú: nínú àwọn akọ tí wọ́n ń jà nígbà tí a dè wọ́n mọ́ tábìlì, àpòlúkù kì í mira, nínú àwọn abo àgbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sì di ọjọ́ kan tí ìyá ológbò kan, abiyamọ tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn. Lójú ẹsẹ̀, àpòlúkù rẹ̀ dúró sójú kan. Cannon rọra fi ọwọ́ pa á lára, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, títí ohùn ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti àyà rẹ̀, nígbà náà ni ikùn tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ńlá tí ó kọ ní ọdún 1915 nípa ohun tí ìrora, ebi, ẹ̀rù àti ìbínú ń ṣe sí ara, inú ohun tí ó rí lára àwọn ológbò wọ̀nyí ni ó ti hù jáde. Oúnjẹ tí ó wọ inú àpòlúkù tí kò ṣiṣẹ́ kò ní ibi tí yóò lọ ju òkè lọ.

Ó tún gba ọdún púpọ̀ kí àwọn dókítà ẹranko tó ka ológbò sí aláìsàn tí ó dá dúró. Bí ajá kékeré ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, títí àwọn bíi Feline Advisory Bureau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1958, fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a kọ́ ìmọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní àkókò yẹn ni ike ń gba ipò lọ́wọ́ rọ́bà pupa. Ike rọrùn láti fọ̀, ó sì ṣeé rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan wà tí ó máa ń le bí ó bá pẹ́ nínú ikùn, ike líle a sì máa lu àpòlúkù ẹni tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ológbò náà fúnra rẹ̀. Kò ní ojú tí ó fi ń ríran, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ní í là títí di ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá. Kò lè gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná. Àpòlúkù rẹ̀ kò gbà ju mílílítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ fún ọgọ́rùn-ún gíráàmù ara rẹ̀, ṣíbí ìpotíì kan péré. Èyí tí ó sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé títí yóò fi pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀fun rẹ̀ kì í kọ nǹkan: rọ́bà lè wọ ọ̀nà èémí rẹ̀ kí ó má wúkọ́, kí ó má bì, kí ó má ṣe ohunkóhun tí Lenton ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń wọn rọ́bà láti ṣóńṣó imú dé egungun ìhà ìkẹyìn, tí wọ́n ń fi àmì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n náà, tí wọ́n sì ń tún un wọ̀n bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Rọ́bà tí ó bá kọ̀ láti lọ kí àmì tó dé ẹnu, a jẹ́ pé ó ti já sí ibi tí ọ̀nà èémí gbé pín sí méjì, kí a fà á jáde kí a tó ta ẹ̀kán wàrà kan sí i. Ikùn ni wọ́n ń dà á dé, bí ó ti máa ń dùbúlẹ̀ mu ọmú, wọn kì í na orí rẹ̀ sókè bí orí ọmọ ènìyàn tí a ń rọ. Wọn a la ẹnu rẹ̀ wò bóyá àjà ẹnu rẹ̀ ya. Bí wọ́n bá ń yọ rọ́bà, wọn a fún un mọ́wọ́, kí èyí tí ó kù nínú rẹ̀ má baà kán sí ọ̀nà èémí.

Jàǹbá mìíràn wà tí ìwé kì í sábà tẹnu mọ́. Rọ́bà tí ó gùn jù a máa lọ́ nínú àpòlúkù, a sì di kókó. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ti ń hù, ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, a gé e jẹ, a sì gbé e mì. Ọmọ tí a fi rọ́bà bọ́ yó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fa nǹkan kan, nítorí náà etí, ìrù àti ìdí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò máa fà títí ara wọn yóò fi bó. Wàrà màlúù lásán tí àwọn kan ń dà sí i kò tó ìdajì èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú wàrà ìyá ológbò, ó sì ń mú ìgbẹ́ gbuuru wá.

Fún èyí tí ó ti dàgbà tí àìsàn kò jẹ́ kí ó jẹun, àwọn oníṣẹ́ abẹ gbìyànjú láti yẹra fún ẹnu pátápátá. Ní ọdún 1970, Böhning àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí a ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun wọlé, ṣùgbọ́n rọ́bà náà a máa dí ọ̀nà èémí. Ní ọdún 1980 ni Gauderer àti Ponsky, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ènìyàn ní Cleveland, kọ ìwé lórí ọgbọ́n tí a fi ń gba ara ikùn wọlé, èyí tí dókítà ẹranko tètè yá lò. Ní ọdún 1993 ni Rawlings sọ bí a ti ń gba àárín ọrùn. Ọ̀nà ọrùn yìí ni ó gbòde jù lónìí, òun náà kò sì ṣàìní tirẹ̀: ojú ọgbẹ́ a máa kẹ̀, ológbò tí ó bá bì a sì máa bi rọ́bà náà jáde sẹ́nu. Nínú ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, tí ìṣọn ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà oúnjẹ, tí oògùn oorun sì lè mú kí ara rẹ̀ tutù pa á, èmi kò rí i bí ohun tí ó yẹ kí a máa yára sí.

Nínú gbogbo jàǹbá wọ̀nyí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn aláàánú inú ilé ni èyí tí kò nílò àṣìṣe ọwọ́ rárá: ọmọ tí ara rẹ̀ ti tutù rékọjá dígírì 35, tí ìfun rẹ̀ ti dúró, tí wọ́n sì rọ wàrà sínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé ebi ni ó ń pa á. Wàrà náà yóò kan níkùn rẹ̀, yóò padà wá sókè, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò sì gbà á. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyá tí mọ́tò pa: ẹ má wá wàrà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbé e sí àyà yín lábẹ́ aṣọ, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko bí ẹ ti ń mú un gbóná. Bí ọ̀rọ̀ rọ́bà bá sì délẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì fi hàn yín lójúkojú kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín dán an wò.